Agolo Artemia fún ọmọ ẹja àrọ̀: mo ti lò ó, màá tún rà á

Ẹni tó bá ń sin ẹja àrọ̀ láti orí ẹyin ní Ìlọrin níbí á mọ ọjọ́ kẹta tí mò ń wí. Oúnjẹ tí ọmọ ẹja gbé sábẹ́ ikùn wá sáyé ti tán, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì gba oúnjẹ lílọ̀.

Artemia la fi ń bọ́ ọ nígbà náà: ẹ̀dá kékeré inú omi oníyọ̀ tó jọ edé ni, ẹyin rẹ̀ gbígbẹ là ń rà, tí a ń rẹ sómi kó pa, kí ọmọ ẹja lè jẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá ni mo rà, torí ó dínwó. Mo rẹ ẹ́, ilẹ̀ mọ́, ẹyin ṣì wà bó ṣe wà. Ọ̀rinrin ti bà á jẹ́. Ọmọ ẹja tó kú lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn kò ṣeé kà, ó sì dùn mí wọra.

Agolo tí wọ́n dè pa ni mò ń rà báyìí ní Tankẹ. Adágún oníyọ̀ ńlá kan ní Utah, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kó ẹyin inú rẹ̀. Ó kúnná bí èlùbọ́. Iyọ̀ gíráàmù 25 ni mò ń fi sí lítà omi kan, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń rú u, gílóòbù ń tàn lé e. Bí mo bá dà á sómi lẹ́yìn ìrun Iṣáì, kí Iṣáì ọjọ́ kejì tó pé, omi á ti pọ́n bí ẹni po epo mọ́ ọn. Màá pa ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: èèpo ẹyin á léfòó, àwọn ọmọ á wọ́ lọ síbi tí iná wà, màá fi rọ́bà fà wọ́n, màá ṣan iyọ̀ ara wọn. Tí ọmọ ẹja bá ti jẹ wọ́n, ikùn rẹ̀ á pọ́n, ẹ ó fi ojú lásán rí i. Alhamdulillah!

Bí òkun ṣe ń bọ́ ọmọ tiẹ̀ náà nìyẹn. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí omi ń gbé kiri, tí agbára wọn kò ká ìṣàn rẹ̀, là ń pè ní plankton. Diatom, ohun ẹlẹ́mìí tín-ń-tín tí ojú lásán kò rí, ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewéko. Copepod, ẹ̀dá omi kékeré tó jẹ́ ìbátan edé, ń jẹ diatom. Ọmọ ẹja ń jẹ copepod. Ti ọmọ akàn yàtọ̀, ìgbà èwe nìkan ló fi ń bá omi lọ. Jellyfish, ẹ̀dá òkun tí ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, pàápàá wà lára wọn, bó ti wù kó tóbi tó. Omi pọ́ǹdù tó ń di àwọ̀ ewé lẹ́yìn tí a bá da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, irú wọn ló kún ibẹ̀.

Owó agolo Artemia yìí ga, n kò ní purọ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹyin rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó pa. Bí iná bá sì lọ tí ẹ̀rọ kò fẹ́ afẹ́fẹ́ mọ́, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má da púpọ̀ sí ọmọ ẹja lẹ́ẹ̀kan, torí Artemia kì í pẹ́ kú nínú omi tí kò níyọ̀. Tí ẹ bá ti ṣí agolo, ẹ dé e pinpin, kẹ́ ẹ gbé e sí fìríìjì.