Ìlú mẹ́ta, alẹ́ mẹ́sàn-án: obìnrin tó bá wa to ìrìnàjò Ítálì wa

Ẹ̀yin ará, mo ti ń ṣèlérí látọjọ́ yìí pé màá kọ nípa obìnrin tó bá wa to ìrìnàjò Ítálì tá a lọ lóṣù kẹwàá, ó wá yá báyìí. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ibi tó ti ṣe dáadáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí, iṣẹ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀wò. Nínú máàkì mẹ́wàá, mẹ́jọ ni mo fún un.

Ohun tó gbé wa lọ ni pé Màmá ọkọ mi pé àádọ́rin ọdún. Kátólíìkì ni wọ́n, látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé kí Ọlọ́run jẹ́ káwọn fojú ara àwọn rí Póòpù lọ́jọ́ kan. Ọkọ mi ní ó ti tó àkókò, ká jọ lọ ni, èmi àti òun, Màmá, àtàwọn ọmọ wa méjèèjì, ọmọbìnrin wa ọmọ ọdún mẹ́rìnlá àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ná: ọmọ ọdún mẹ́fà tí ò lè dúró lójú kan, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, ọmọ tó jẹ́ pé àwòrán yíyà ló fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ, kí gbogbo wọn sì gbádùn ìrìnàjò kan náà.

Éjẹ́ǹtì tá a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ (òun kọ́ ni mò ń sọ o, ẹlòmíì ni) kọ ètò kan ránṣẹ́ sí wa: Róòmù alẹ́ méjì, Naples alẹ́ kan, Florence alẹ́ méjì, Venice alẹ́ kan, Milan alẹ́ méjì, ká tún wá padà sí Róòmù ká lọ sùn alẹ́ kan torí ibẹ̀ ni bàálù tó máa gbé wa wálé á ti gbéra. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, ìlú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, owó físà kan, mo rò pé èrè ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n jẹ́ kí obìnrin yìí bá mi wò ó kí n tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ fún mi lórí WhatsApp, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ó ní, "Ẹ má ka ìlú, ma. Ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ máa di ẹrù." Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín alẹ́ mẹ́sàn-án, pẹ̀lú báàgì èèyàn márùn-ún! Ó wá ṣàlàyé fún mi pé èèyàn á máa wò ó pé wákàtí méjì àti díẹ̀ péré ni rélùwéè láti Florence dé Venice, ṣùgbọ́n kì í ṣe wákàtí méjì yẹn lèèyàn ń ná. Àárọ̀ lẹ máa jí dìde dẹrù, ẹ máa jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ máa wọ́ báàgì dé ibùdókọ̀, ẹ máa dúró, ẹ máa wọkọ̀, ẹ bá sọ̀kalẹ̀ tán ẹ máa wá hòtẹ́ẹ̀lì tuntun, tẹ́ ẹ bá sì dé bẹ̀ wọ́n lè ní ó di aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán káwọn tó fún yín ní yàrá. Ọjọ́ téèyàn bá pààrọ̀ ìlú, ìdajì ọjọ́ ti lọ nìyẹn, tí ọmọ kékeré àti àgbà bá sì wà níbẹ̀ ó lè ju ìdajì lọ. Ètò ti éjẹ́ǹtì àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún la máa pààrọ̀ ìlú, ọjọ́ méjì àtààbọ̀ ti wọlẹ̀ lára ọjọ́ tá a fowó wa rà. Àwọn àgbà ṣáà ní ẹni lé eku méjì, òfo ló ń mú bọ̀, tiwa wá di eku márùn-ún.

Ètò tó wá ṣe nìyí. Róòmù alẹ́ mẹ́rin, Florence mẹ́ta, Venice méjì, ó tán. Ó yọ Naples àti Milan kúrò pátápátá. Ọkọ mi kọ́kọ́ bínú sí ti Naples torí oúnjẹ pizza tó fẹ́ lọ jẹ níbẹ̀, obìnrin yìí ní tó bá ń wù wọ́n gan-an, rélùwéè tó ń sáré máa ń lo bíi wákàtí kan àti díẹ̀ láti Róòmù débẹ̀, kí wọ́n lọ láàárọ̀ kí wọ́n bọ̀ nírọ̀lẹ́, kò nílò ká kó ẹrù lọ. Ìgbà tá a débẹ̀ ọkọ mi ò tiẹ̀ rántí ẹ̀ mọ́.

Ibi tí mo ti mọ̀ pé obìnrin yìí mọ iṣẹ́ ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ó ní kí la fẹ́ padà sí Róòmù ṣe? Ká wọlé láti Róòmù, ká jáde láti Venice. Bàálù Turkish Airlines la wọ̀, Èkó sí Istanbul, Istanbul sí Róòmù, nígbà tá a ń bọ̀ a wọ̀ ọ́ ní Venice padà sí Istanbul ká tó já sí Èkó. Mo ti rò pé ó máa gọbọi, ó ní kí n má ra àlọ àti àbọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o, kí n lọ síbi tí wọ́n kọ multi-city sí lórí ìkànnì wọn, kí n kọ ìlú tá a máa wọ̀ àti ìlú tá a máa bá jáde sínú tíkẹ́ẹ̀tì kan náà. Iye tó jáde fẹ́ẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti àlọ àtàbọ̀ Róòmù. Rélùwéè láti Venice padà sí Róòmù máa ń tó wákàtí mẹ́rin, ẹ kúkú wá ro owó ẹ̀ lórí èèyàn márùn-ún, pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan tí a ò ní gbádùn. Gbogbo ẹ̀ la fi pa mọ́.

Ohun kejì ni bó ṣe to àwọn ọjọ́. Ọjọ́ Ajé la dé Róòmù, kò fi nǹkankan síbẹ̀, ó ní ká sùn, ká rìn díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ká jẹ gelato, áìsìkrímù wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Colosseum, pápá ìṣeré àtijọ́ ńlá wọn, òun ló sì bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sílẹ̀ torí orúkọ oníkálùkù ló máa ń wà lára ẹ̀, ẹ ní láti mú páspọ́ọ̀tù dání. Ọjọ́rú ni ti Màmá. Ọjọ́rú ni Póòpù máa ń jáde bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni ìwé ìwọlé, ohun tó ṣe pàtàkì ni kéèyàn tètè dé. Gbogbo ìrìnàjò yẹn, orí Ọjọ́rú yìí ló kọ́ ọ lé, ó ti wá déètì bàálù mọ́ ọn kó tó ro nǹkan míì. Nígbà tí ọkọ̀ Póòpù kọjá níwájú wa, Màmá ò pariwo, wọn ò yà fọ́tò, wọ́n kàn di ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn mú, omi ń jáde lójú wọn. Ọkọ mi náà sunkún. Tó bá jẹ́ ètò àkọ́kọ́ yẹn ni, Naples là bá wà lọ́jọ́rú.

Ọjọ́bọ̀ la lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Vatican, Ọjọ́ Ẹtì a wọ rélùwéè lọ sí Florence, bíi wákàtí kan ààbọ̀ la fi débẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló fi mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà méjì, Accademia àti Uffizi, sí fún ọmọbìnrin wa. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi Accademia sí ọjọ́ Ajé kí ọjọ́ Àbámẹ́ta má bàa wúwo, ó ní méjèèjì máa ń tì lọ́jọ́ Ajé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Ajé gan-an la máa kúrò ní Florence. Ọjọ́ tí ìlú ò ní nǹkan tó fẹ́ fún wa ló fi ṣe ọjọ́ ìrìn. Ẹ ẹ̀ rí i pé orí pé! Ère Dáfídì tí Michelangelo parí lọ́dún 1504 wà ní Accademia, ó ga ju mítà márùn-ún lọ, ọmọ mi jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ ó yà á fún nǹkan bíi ogójì ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ lẹ́nu, a ò sì kánjú torí a ò ní ọkọ̀ tá a fẹ́ lé bá.

Rélùwéè wọn dáa o, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Iléeṣẹ́ méjì ló ń sá eré lórí irin kan náà, ọ̀kan ni Trenitalia, tó ni rélùwéè Frecciarossa, èkejì ni Italo, torí náà téèyàn bá tètè rà á, owó ẹ̀ máa ń wálẹ̀ gan-an. Kò sí pé ẹ̀ ń wọn ẹrù, kò sí pé ẹ̀ ń dé ṣáájú wákàtí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn rélùwéè kéékèèké tó ń lọ sáwọn ìlú ìtòsí bíi Pisa, tẹ́ ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì oníbébà, ẹ ní láti kì í bọ inú ẹ̀rọ kékeré kan kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ kó lè lu òǹtẹ̀ sí i, tẹ́ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ lè sanwó ìtanràn. Obìnrin yìí kọ ọ́ sínú ètò wa pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà.

Ó yá, ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Àkọ́kọ́ ni Pisa yẹn náà. Ọjọ́ Àìkú la lọ, lẹ́yìn máàsì, bíi wákàtí kan ni láti Florence. Ọmọ mi ọkùnrin ti ń sọ fún gbogbo aráyé látilé pé òun máa gun ilé gogoro Pisa tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn. A débẹ̀, wọ́n ní ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́jọ kì í gùn ún. Ọmọ yìí sunkún débi pé a ò mọ ohun tá a máa ṣe. Obìnrin yìí mọ ọjọ́ orí ẹ̀, ó wà nínú fọ́ọ̀mù tá a kọ fún un, ó yẹ kó ti sọ fún wa látilé ká lè fi ìrètí ọmọ náà síbòmíì.

Ìkejì ló dùn mí jù. Hòtẹ́ẹ̀lì Venice. Lórí máàpù, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni sí ibùdókọ̀ rélùwéè Santa Lucia, lóòótọ́ sì ni fún ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ le. Àmọ́ Venice ò ní ọkọ̀ orí ilẹ̀ kankan nínú ìlú, afárá ló wà níbi gbogbo, àtẹ̀gùn ló sì wà lára afárá wọn. Afárá Scalzi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ yẹn, ẹ máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè ẹ tún máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódì kejì, lẹ́yìn ìyẹn afárá méjì míì ṣì kù. Ọkọ mi gbé báàgì mẹ́ta lọ, ó padà wá gbé méjì, èmi di Màmá mú lọ́wọ́, ìgbésẹ̀ kan, ìsinmi kan. Wọn ò ráhùn, wọ́n kàn ń sọ pé "Ẹ rọra, ọmọ mi, ẹ rọra", ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn orúnkún wọn wú. Ó yẹ kó wá ilé sí apá ibi tí ibùdókọ̀ wà gan-an, ní Cannaregio, tí a ò ní gun afárá kankan, àbí létí ibi tí vaporetto ti ń dúró, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ bọ́ọ̀sì wọn. Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ bó ṣe dùn mí fún un. Kò bá mi jiyàn. Ó bẹ Màmá lórí fóònù fúnra ẹ̀, ó sì dá lára owó iṣẹ́ ẹ̀ padà fún wa láìjẹ́ pé a béèrè. Ìyẹn ni mi ò ṣe yọ ju máàkì méjì lọ.

Lọ́jọ́ kejì a gbé Màmá wọ vaporetto Line 1, ó máa ń rọra lọ gba ojú omi ńlá wọn kọjá látòkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n jókòó síwájú, ọmọ mi kékeré jókòó tì wọ́n, ó ń ka ọkọ̀ ojú omi títí tó fi sùn lọ. Àpò ìyá àgbà ẹ̀ ló gbórí lé.

Fún àwọn tó máa béèrè nípa físà: ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò kúrò ní Ítálì, torí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀ rọrùn, ọ́fíìsì físà Ítálì la lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Paris kún un, orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa sùn jù lẹ máa gba físà ẹ̀, tó bá wá dọ́gba, èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wọ̀ ni. Ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó máa bo ó kéré tán 30,000 yúrò pọn dandan. Ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn ò ní dá owó ẹ̀ padà kí físà tó jáde, ẹ jọ̀ọ́.

A tún ti kàn sí i báyìí, Spéènì ló kàn: Madrid, Seville, Granada. Kí n tó sọ iye ọjọ́ tá a ní fún un ló ti béèrè pé, "Màmá ń bọ̀, àbí? Orúnkún wọn ńkọ́?" Mo ní wọ́n ń bọ̀. Ó ní ó dáa, ìsàlẹ̀ ìlú lòun máa wá hòtẹ́ẹ̀lì Granada sí, òun ò ní sún mọ́ òkè Albaicín rárá.