Fíìmù Spotlight àbí Philomena: èwo lẹ máa kọ́kọ́ wò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ìjọ Kátólíìkì sílẹ̀, tínú bá ṣì ń bí yín, Spotlight (2015) ni kẹ́ ẹ wò jàre, àwọn oníròyìn Boston Globe, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, ló ń tú àṣírí àwọn fáda tó ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe, ìyá àgbà ọ̀kan nínú àwọn oníròyìn yẹn ka ìròyìn ọ̀hún tán, omi ló ní kí wọ́n bu fóun, háà!

Philomena (2013) ò gbóná tó yẹn, àmọ́ òun ló dùn mí wọra. Àwọn sístà ní Ireland gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, wọ́n gbé e fáwọn ará Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ìyá yẹn dárí jì wọ́n, oníròyìn tó ń tẹ̀ lé e kiri, tí ò ṣe Kátólíìkì mọ́, ló wá ń fara ya. Tọkùnrin yẹn ni mo gbè o, ká má purọ́.