Báínọ́kúlà 8x42 tí mò ń lò l'Ẹ̀pẹ́ fún àwọn ẹyẹ kéékèèké tó jọra

Tó bá jẹ́ ẹyẹ kéékèèké lẹ fẹ́ máa wò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta báínọ́kúlà (awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn) tí wọ́n kọ 20x sí lára fún yín o, ìyẹn èyí tó ń fa nǹkan sún mọ́ ní ìlọ́po 20. 8x42 ni tèmi, tòkunbọ̀ ni, òun ni mò ń gbé kiri létí ọ̀sà àti lọ́nà Ejìnrìn látìgbà tí àwọn ẹyẹ Yúróòpù ti ń wọlé loṣù kẹsàn-án.

Ìdí tí mo fi ń pariwo 8x ni pé willow warbler, ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ Yúróòpù yẹn, kì í dúró sójú kan, á wà lórí ẹ̀ka máńgòrò báyìí, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti bọ́ sínú ewé míì, ẹyẹ tí ò ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ! Tí báínọ́kúlà bá wá fa nǹkan sún mọ́ jù, ibi tẹ́ ẹ máa rí á kéré, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹ máa wá a tì ni.

Willow warbler yìí àti ẹyẹ míì tó ń jẹ́ wood warbler jọra bíi Táyé àti Kẹ́hìndé. Ti wood warbler, ọ̀fun àti àyà ẹ̀ ló yẹ́lò, ikùn ẹ̀ funfun báláú, ẹ máa rí ibi tí yẹ́lò yẹn ti parí. Ibi tó ti ń dani láàmú lásìkò yìí ni pé àwọn ọmọ willow warbler tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lọ́dún yìí, wọ́n yẹ́lò ju àgbà wọn lọ, ṣùgbọ́n tiwọn ń bá a lọ dé ikùn ni, àfi kẹ́ ẹ wo ikùn yẹn dáadáa.

Ibẹ̀ ni 42 ti wúlò, òun ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Ẹ fi 8 pín in, 5.25 ni, ìyẹn ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú yín. 8x21 tí wọ́n ń kì bọ àpò ò ju 2.6 lọ, lábẹ́ igi nígbà tí òjò ṣú, gbogbo ẹyẹ á kàn dúdú ni.

Àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní flycatcher náà ńkọ́? Akọ pied flycatcher ti pàwọ̀ dà kó tó débí, ó ti di búráùn bí abo, funfun tó wà lápá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Spotted flycatcher ò ní in, ìlà tín-ín-tín ló wà láyà àti níwájú orí tiẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé ó wúwo, okùn tó bá a wá sì ń gé ọrùn, mo ti pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó fẹ̀. Ẹ ra èyí tómi ò lè wọ̀, torí ọ̀rinrin ọ̀sà máa ń jẹ́ kí nǹkan hù nínú gíláàsì. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi wo ewé tí ò ju mítà 2 sí yín, tí ò bá mọ́ kedere, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.