Áàpù ògbufọ̀ tí mo sanwó fún: ohun tí ojú mi rí ní ọjà Tọ́kpá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà Kùtọnu láti Àgbádárìgì, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. N ò ní ka iye èdè tí áàpù yìí ní fún yín, ẹ ó rí ìyẹn níbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gbà á. N ò sì ní dárúkọ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ owó kò tíì parí láàárín èmi àtàwọn tó ni ín.

Aṣọ ni mò ń tà. Owó sẹ́fà kì í dà mí láàmú, ẹ̀rọ ìṣírò la fi ń nájà níbẹ̀: wọ́n á tẹ iye tiwọn, èmi náà á tẹ tèmi, títí a ó fi pàdé. Yorùbá ò sì wọ́n ní Tọ́kpá, àwọn Ànàgó wà níbẹ̀, Ẹ̀gùn tí mo kọ́ nílé ọkọ náà sì ń gbà mí lọ́dọ̀ àwọn Fọ̀n. Ọ̀dọ̀ ìyá kan, ará Tógò, tó ń kó ojúlówó àǹkárá wá láti Lomé, ni mo ti nílò ògbufọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí òwò aṣọ mọ ohun tí Lomé jẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá aláṣọ tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti fi àǹkárá lówó débi pé ọkọ̀ Mercedes Benz tí wọ́n ń gùn wọ inú orúkọ wọn. Ìyá tèmi yìí ò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Faransé àti Mínà ló ń sọ.

Áàpù ọ̀fẹ́ wà o. Ti Google ti ní Yorùbá láti 2013, wọ́n sì fi Fọ̀n kún un ní 2024, lára èdè 110 tí wọ́n gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí mo sanwó fún ò ní Fọ̀n, kò ní Ẹ̀gùn. Ohun tó mú mi san owó oṣù ni pé wọ́n ní mo lè gba Yorùbá àti Faransé sórí fóònù, kó máa gbọ́ ohùn, kó máa fọhùn, láìsí dátà. Bí mo bá ti kọjá ẹnubodè Sẹ́mẹ̀ báyìí, ó parí fún dátà mi.

Ìdílé kan fẹ́ sìnkú bàbá wọn ní Àjárá. Aṣọ ẹbí tí wọ́n mú lọ́wọ́ mi ò ká àwọn àna. Ẹni tó bá ń ta aṣọ ẹbí mọ̀ pé bátánì kan náà lè wá láti inú bélì (ìdì aṣọ) méjì kí àwọ̀ wọn má bára mu. Ọ̀kan á dúdú díẹ̀, èkejì á pọ́n, bí wọ́n bá sì tò sójú agbo, gbogbo ayé ló máa rí i. Ìbéèrè tí mo gbé lọ bá ìyá nìyẹn: ṣé èyí tó kù lọ́wọ́ wọn bá tàkọ́kọ́ mu, ṣé òmíràn wà ní Lomé, ìgbà wo ló ń bọ̀? Ẹ̀rọ ìṣírò ò lè béèrè ìyẹn.

Mo gbé fóònù sáàárín wa, mo sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó sọ ọ́ ní Faransé. Ìyá náà mi orí, ó ká etí aṣọ náà sókè, ó fi èékánná tọ ìlà lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ dé ibi tó yẹ kí n gbọ́ ni fóònù dákẹ́. Ohun tó hàn lójú rẹ̀ ni pé owó oṣù mi ti tán, kí n tan dátà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo ti san. Owó tí wọ́n ti yọ láàárọ̀! Àlẹ́ẹ̀tì báǹkì ti wọlé kí n tó dé Sẹ́mẹ̀.

Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ìyá wo ojú mi, ó wo fóònù, ó rò pé ńṣe ni mo ń gba ohùn òun sílẹ̀. Ó fa aṣọ rẹ̀ padà. Kí n tó rí Ànàgó kan tó máa bá mi tú ọ̀rọ̀ náà, oníbàárà mìíràn ti kó ìyókù lọ. Inú bí mi débi pé n ò ra nǹkan kan mọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ṣe gbé nígbà tí mo padà wọ Nàìjíríà, wọ́n tún yọ owó yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn tó yẹ kó dá oníbàárà lóhùn. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Mo kọ Yorùbá sí i, ó ní kí n kọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń ta Yorùbá fún mi! Mo kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin kan bọ́ síbẹ̀, ó ní kí n fi àwòrán àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Ó ní ọjọ́ wo ni wọ́n yọ ọ́. Ọjọ́ wà lára àlẹ́ẹ̀tì! Mo kọ ọ́ fún un. Ó ní kí n ní sùúrù. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀, ó kí mi bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan rí, ó ní kí n fi àwòrán àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n kọ̀wé sí mi pé wọ́n ti yanjú ẹjọ́ mi, pé kí n fún àwọn ní ìràwọ̀. Ta ló yanjú ẹjọ́? Owó dà?

Mo ti fẹ́ pa áàpù náà rẹ́ kúrò lórí fóònù nígbà tí ìpè kan wọlé. Obìnrin ni, Yorùbá ló fi kí mi. Ó ní, "Ẹ káàsán mà, ẹ má bínú mà. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ ò ní tún un sọ." Ẹ gbà mí gbọ́, ara mi wálẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí oṣù bá ti pé, áàpù náà gbọ́dọ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì kó tó mọ̀ pé owó ti wọlé, bí ọjọ́ náà bá wá bá èèyàn níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó máa tì pa. Ó ní kí n máa ṣí i lórí dátà nílé kí n tó jáde lọ́jọ́ ìsanwó.

Mo wá sọ ohun kejì tó ń dùn mí fún un, pé áàpù wọn ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, Yorùbá tí mo bá sọ máa ń gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá kó tó di Faransé, Gẹ̀ẹ́sì ò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Ó fi ibi tí mo lè yí i sí ti ọ̀wọ̀ hàn mí, torí Faransé náà ní bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́nu ìpè náà, mo ní kó jẹ́ kí n dá a lóhùn. Ó dúró, kò gé ìpè, kò kánjú. Nípa owó tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun ti gbé e dé iwájú àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó. Títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí, kò tíì dé.

Mo padà sí Tọ́kpá. Ohun tí mo kọ́kọ́ jẹ́ kí fóònù sọ ni pé n kì í gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí ìyá má bínú. Ó gbọ́ bó ṣe bọ̀wọ̀ fún òun, ojú rẹ̀ yọ́, ó pe ẹni tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó wá gbọ́. A sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní àbúrò òun ń kó ìyókù bélì kan náà bọ̀, ó sì sọ ọjọ́ tí yóò dé. Ó béèrè òkú ta ni, mo ní bàbá àgbàlagbà ni, ló bá gbàdúrà fún ìdílé náà ní Mínà. Áàpù ò gbọ́ Mínà, ó kọ ìsọkúsọ síbẹ̀. Mo ṣe àmín. Aṣọ náà dé kó tó di ọjọ́ ìsìnkú, àwọ̀ rẹ̀ sì bára mu gẹ́lẹ́.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Bó bá ṣe obìnrin tó pè mí yẹn ni, 5 ni. Áàpù tí wọ́n tà fún ibi tí kò sí dátà kò yẹ kó tún máa béèrè dátà kó tó gbà pé mo ti sanwó, owó mi sì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo ti san ti oṣù tó ń bọ̀ o, torí ìyá ní bélì tuntun ń bọ̀ láti Lomé.