Oṣù Mẹ́ta Pẹ̀lú Ẹ̀rọ Bluetooth fún Ẹ̀kọ́ Ààbò Lọ́wọ́ Ìtànṣán

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bí wọn yóò ṣe dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ ìtànṣán olóró. Kò sí ẹni tó máa gbé ojúlówó orísun ìtànṣán lé ọwọ́ ẹni tí kò tíì mọ ewu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn rẹ̀, ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ ènìyàn. Ìdí nìyí tí mo fi ra ohun èlò olówó pọ́ọ́kú yìí: atagbà Bluetooth kékeré kan tó ń lo bátìrì pẹlẹbẹ bíi ti aago ọwọ́, àti áàpù tó ń wọn bí ìgbì rédíò rẹ̀ ṣe lágbára tó, tí yóò sì sọ ọ́ di iye àfarawé ní microsievert (ìwọ̀n ìtànṣán tí ara ènìyàn gbà) ní wákàtí kan, pẹ̀lú ìró ta-ta-ta bíi ti Geiger, ẹ̀rọ tí a fi ń wá ìtànṣán.

Ní ti jíjìnnà, ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Mo fi atagbà náà pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wá a. Ó lọ tààrà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó rí iye tó ti kó jọ sórí fóònù rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fà sẹ́yìn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀mú gígùn ló béèrè. Bí a bá jìnnà sí orísun kékeré ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìtànṣán náà ló ń kàn wá. Ìgbì rédíò pàápàá ń tẹ̀lé òfin yìí, bí kò bá sí ohun tó dí i lọ́nà.

Ṣùgbọ́n nǹkan kì í ṣàìdí i. Omi inú ara wa máa ń gba lára ìgbì 2.4 GHz tí Bluetooth ń lò, nítorí náà, bí ènìyàn bá kẹ̀yìn sí atagbà, iye náà á já wálẹ̀ lójijì.

Èyí tó bí mi nínú ni ti ìdábùú, ìyẹn ohun tí a fi ń dí ìtànṣán lọ́nà. Bébà onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wé oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìró náà pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìtànṣán gámà, ọ̀kan lára àwọn ìtànṣán olóró, yóò gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rẹ́rìn-ín pé òun ti rí àrọ́pò òjé tí a fi ń dí ìtànṣán; mo dá ẹ̀kọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ìwé ìlànà tó bá a wá kò sọ nǹkan kan nípa èyí, ẹni tó tà á fún mi kò sì fèsì. Mo ṣì ń lò ó, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ gàdàgbà sára àpótí rẹ̀: «Jíjìnnà àti àkókò nìkan.»