Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú sítíárìn olóróró lórí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì: ohun tó tún ṣe àti ohun tó bò mọ́lẹ̀

Ọkọ̀ ojú omi fáíbà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 24 ni mo ní, ẹ́ńjìnnì Yamaha fóòtì (alágbára ẹṣin ogójì) méjì ló wà nídìí rẹ̀. Ìkòròdú sí Ẹ̀búté Èrò la máa ń ná jù. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni mo yọ sítíárìn oníkébù, èyí tó ń fi okùn irin yí ẹ́ńjìnnì, kúrò, mo sì fi olóróró rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní jẹ́tì ti ń bi mí bóyá ó tó iye tí wọ́n ń tà á. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo tìtorí ẹ̀ rà á kọ́ ló tún ṣe, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà lọ náwó síbi tí àìsàn ò sí.

Ọkọ̀ mi ń fà sí ọ̀tún. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, a ò kà á sí. Nígbà tó yá, awakọ̀ mi pè mí sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá yọwọ́ pé kí n fẹnu kan omi lásán, kí n tó gbójú sókè, imú ọkọ̀ ti kọrí síbòmíràn." Abẹ́ Third Mainland Bridge là ń gbà kọjá kí a tó dé Ẹ̀búté Èrò. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ rí mọ̀ pé àárín òpó méjì lèèyàn ń dojú ọkọ̀ kọ, pẹ̀lú èrò nínú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìgbì tí ọkọ̀ ẹlòmíràn dá sílẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá lè lọ tààrà ò gbọdọ̀ débẹ̀. Mo dá iṣẹ́ dúró.

Mekáníìkì tí mo kọ́kọ́ pè ò pẹ́ rárá. Ó yí sítíárìn, ó ní kébù ti kú. Kò sì parọ́ tán, torí kébù náà le lóòótọ́. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú ọ̀sà, ó sì máa ń jẹ inú páìpù tí irin kébù ń gbà kọjá lára ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí wọ́n yọ tèmi, gírísì inú rẹ̀ ti gan bí amọ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ ra kébù mìíràn, kí n kúkú gbé olóróró sí i. Owó rẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta owó kébù. Mo rà á.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: póǹpù kékeré kan ló wà lẹ́yìn sítíárìn, rọ́bà méjì gbé òróró láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì já sínú sìlíńdà kan tí irin rẹ̀ ń ti ẹ́ńjìnnì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi tò ó. Ìka méjì péré ni awakọ̀ mi fi ń yí i báyìí, èjìká tó máa ń dùn ún lálẹ́ sì ti fi í sílẹ̀. Bí koríko elódòdó àlùkò yẹn bá bo ọ̀sà, tó di pé à ń wá ojú ọ̀nà láàárín rẹ̀, ìgbà náà ni mo máa ń mọ rírì rẹ̀ jù lọ, torí ọwọ́ kì í rẹni. Èyí tó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ni pé ó ń falẹ̀. Láti òpin ọ̀tún dé òpin òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yíyí márùn-ún. Bí a bá fẹ́ gúnlẹ̀, a kì í dúró dè é mọ́: a ó fi gíà ẹ́ńjìnnì kan síwájú, a ó fi èkejì sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì yí lójú kan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò dára. Awakọ̀ á yí sítíárìn díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní mira, àfi tó bá tún yí i sí i. Ó rí bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti dín. Atẹ́gùn ló wà nínú òróró, torí ẹni tó tò ó ń kánjú. Àwa fúnra wa la yọ ọ́. Ẹnì kan jókòó sídìí sítíárìn, ó ń yí i síbì kan láìdáwọ́ dúró, ó sì ń fi òróró kún póǹpù. Èmi wà lẹ́yìn, mo fi rọ́bà tó mọ́ gaara bọ ẹnu ihò kékeré tó wà lára sìlíńdà, mo ki orí kejì bọ inú ìgò, mo ń wò ó títí òróró fi ń wá láìsí ìfófòó kankan. Lẹ́yìn náà la ṣe apá kejì. Òróró tí wọ́n ṣe fún un gan-an la lò o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bu òróró ẹ́ńjìnnì sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Lẹ́yìn tí a tò ó tán, awakọ̀ ní ọkọ̀ ò fà mọ́, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n epo tí à ń jó ò dín, ó tún fẹ́ máa pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan tí a ò kó èrò, mo lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, mo dojú kọ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ń lọ tààrà bí ọfà, àmọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì méjèèjì ṣẹ́rí sósì. Mo pariwo bi awakọ̀ pé ṣé ó ń yí i ni, ó ní òun ò yí nǹkan kan. Mo wá rí i. Póǹpù yẹn ní nǹkan kan nínú tí kì í jẹ́ kí agbára láti ara ẹ́ńjìnnì padà wá sí ọwọ́ awakọ̀. Bí kébù bá ń fà, ọwọ́ rẹ á mọ̀. Bí olóróró bá ń fà, òróró ló ń dì í mú, ọwọ́ rẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ mi ṣì ń fà sọ́tùn-ún bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀. Àwa la ò gbọ́ ọ mọ́.

Mo lọ bá bàbá kan, ará Ìlàjẹ, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Kò tilẹ̀ débi sítíárìn. Ó ní kí a gbé ẹ́ńjìnnì méjèèjì sókè, ó di ẹsẹ̀ ti ọ̀tún mú, ó mì í. Mo gbọ́ "kọ", ti òsì ò sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pá irin tó so wọ́n pọ̀ ti jẹ lórí kan, nọ́ọ̀tì ibẹ̀ sì ti ń tú. Ó fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yọ, ó fi wọn ẹ̀yìn, láti àárín pùròpẹ́là kan sí àárín èkejì. Lẹ́yìn náà ó fi wọn iwájú, níbi tí imú ẹsẹ̀ wọn wà. Ẹ̀yìn fi bí ìbú ìka kan fẹ̀ ju iwájú lọ. Ẹ́ńjìnnì méjì tó yẹ kí wọ́n jọ kọjú síbì kan ń bá ara wọn jà nínú omi, epo mi ni wọ́n sì ń fi jà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí wọ́n fún òun ní àkísà. Ó nu ìdí pùròpẹ́là kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà fi hàn. Ti ọ̀tún jẹ́ 11, ti òsì jẹ́ 13. Ojú tì mí. Mo rántí pé ti òsì ti kán rí nígbà tí a kọlu gẹdú tó léfòó, a sì sáré ra òmíràn kí iṣẹ́ má baà dúró. Iye ínṣì tí pùròpẹ́là yẹ kó fi lọ síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Awakọ̀ mi máa ń fi etí dọ́gba ẹ́ńjìnnì méjèèjì, kí ohùn wọn jọra. Bí ohùn bá ti jọra báyìí, ti òsì ń ti ọkọ̀ ju ti ọ̀tún lọ, imú ọkọ̀ á sì máa lọ sọ́tùn-ún. Bàbá ní, "Má tíì gbà mí gbọ́. Pààrọ̀ wọn fún ara wọn, kí o gbé e jáde." A gbé ti ọ̀tún sósì, a gbé ti òsì sọ́tùn-ún. Ká tó kúrò lójú Ìpakòdò, ní Ìkòròdú níbẹ̀, ọkọ̀ ti ń wá òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò le tó ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn náà nídìí: ọ̀nà kan náà ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì ń yí sí, èyí nìkan ti ń fa ọkọ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún fúnra rẹ̀.

A ra pùròpẹ́là tó bá ti 11 mu, a pààrọ̀ orí ọ̀pá irin, a fi okùn wọn ọ́n títí iwájú àti ẹ̀yìn fi dọ́gba. Èyí tó ṣẹ́kù, abẹ́bẹ́ irin kékeré tó wà lókè pùròpẹ́là la fi tún un ṣe: ibi tí ọkọ̀ bá ń fà sí la ń dà ìdí rẹ̀ sí. Tiwa lọ sọ́tùn-ún ní ìwọ̀nba, a sì di nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà. Gbogbo owó tí èyí gbà ò tó ìdá mẹ́ta iye sítíárìn.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ tiyín bá ń fà, ẹ wo ìwọ̀nyí kí ẹ tó pe ẹni tó ń ta sítíárìn. Ṣé ihò kan náà ni irin ìdúró ẹ́ńjìnnì méjèèjì, èyí tó ń sọ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe máa tẹ̀ tó, wà? Bí ọ̀kan bá tẹ̀ síwájú ju èkejì, ọkọ̀ ò ní dúró dáadáa. Ṣé kò sí plọ́ọ̀gì tó kú lára ẹ́ńjìnnì kan? Ṣé kì í ṣe okùn àwọ̀n tàbí ọ̀rá ló lọ́ mọ́ pùròpẹ́là? Ṣé omi ò sí lábẹ́ pákó ìtẹ̀sẹ̀ lápá kan? Bó bá sì jẹ́ pé sítíárìn ló le, ẹ tú irin rẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yí i lófìfo. Bó bá rọ̀, ara ẹ́ńjìnnì ni gírísì ti tán.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú sítíárìn náà fúnra rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ní oṣù karùn-ún, òróró bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu sìlíńdà, rọ́bà inú rẹ̀ ò sì rọrùn láti rí rà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá a. Èkejì ni pé bí rọ́bà òróró bá já lójú omi, sítíárìn ti tán nìyẹn. A ti fi ọkọ̀ òfìfo dánra wò, a fi ọwọ́ gíà méjèèjì nìkan darí rẹ̀ dé èbúté, awakọ̀ mi sì ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré kan ṣoṣo ò nílò rẹ̀, kébù tó ní gírísì tó o. Ẹni tó ń gbé èrò pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì méjì, kí ó rà á, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ nu ìdí pùròpẹ́là rẹ̀ kí ó ka nọ́ńbà. Àkísà kan wà nínú àpótí wa báyìí tó jẹ́ ti irin sìlíńdà nìkan, a máa ń fi nù ún ní ìrọ̀lẹ́ kí iyanrìn má baà jẹ rọ́bà tuntun yẹn.