Ìtọ́jú EECP fún Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì Tí Wọ́n Ní Àrùn Ọkàn: Iṣẹ́ Náà Dára, Ẹnu Ọ̀nà Rẹ̀ Ló Há

Àwọn ajagunfẹ̀yìntì kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, tí wọ́n ti fi irin kékeré la iṣan ọkàn wọn kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá, tí wọ́n sì ń lo oògùn wọn déédéé, síbẹ̀ tí àyà ṣì ń dùn wọ́n bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn tàbí bí wọ́n bá gbé ẹrù ọjà láti inú ọkọ̀ wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ni àbúrò bàbá mi, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kí wọ́n tó fẹ̀yìntì sí ìpínlẹ̀ Texas. Dókítà ọkàn wọn sọ fún wọn pé iṣan tó kù ti tín-ín-rín jù fún irin mìíràn, àti pé kíndìnrín wọn kò lè fara da iṣẹ́ abẹ kejì. Nípasẹ̀ wọn ni mo fi mọ ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní EECP, èyí tí ẹ̀rọ fi ń tẹ ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sọ́nà ọkàn, nípasẹ̀ wọn náà ni mo sì fi mọ bí VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ṣe ń sanwó ìtọ́jú tí ènìyàn gbà lọ́dọ̀ àwọn dókítà aládàáni. Àwọn méjèèjì ni mo ń gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé èkíní kò lè ṣe ajagunfẹ̀yìntì láǹfààní láìsí èkejì.

Kò sí ọ̀bẹ nínú EECP, kò sì sí abẹ́rẹ́ tí ń múni sùn. Aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, wọn yóò lẹ wáyà mọ́ àyà rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè máa ka bí ọkàn ṣe ń lù, wọn yóò sì wé àpò afẹ́fẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ orúnkún, mọ́ itan, àti mọ́ ìdí. Àwọn àpò náà dà bí èyí tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ wa lápá láti fi wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ wọ́n tóbi jù ú lọ dáadáa. Nígbà tí ọkàn bá sinmi láàárín lílù kan sí òmíràn, àwọn àpò náà yóò kún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọn yóò sì ti ẹ̀jẹ̀ padà sọ́nà ọkàn, nítorí pé àkókò ìsinmi yẹn gan-an ni iṣan ọkàn máa ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Kí ọkàn tó tún lù, gbogbo àpò yóò tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọkàn yóò fi rí i pé iṣẹ́ tó wà níwájú òun ti fúyẹ́. Wákàtí kan lójúmọ́ ni, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méje, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 35. Ní 1995 ni FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀rọ náà láàyè, nígbà tó sì di 1999, Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó rẹ̀ fún àwọn tí ìrora àyà ti sọ di aláìlágbára, tí dókítà sì rí i pé iṣẹ́ abẹ tàbí irin kò bá wọn mu.

Ilé ìtọ́jú tí àbúrò bàbá mi lọ ṣe dáadáa nínú ohun tó ṣe pàtàkì jù. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, wọ́n ń yẹ awọ ẹsẹ̀ wọn wò bóyá ó ti bó, wọ́n sì ń béèrè bí ìrora àyà ṣe rí lálẹ́ àná àti bóyá wọ́n lo oògùn abẹ́ ahọ́n tí ń dẹ ìrora náà. Wọ́n ti sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra, tí kò ní ojú rírán tó le, kí ó má baà ha awọ lára, kí wọ́n sì tọ̀ kí wọ́n tó dùbúlẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ náà máa ń mú kí ìtọ̀ tètè gbọ̀n ènìyàn. "Sájẹ́ńtì" ni gbogbo wọn ń pè wọ́n. Ẹni tí kò bá mọ ológun lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, àmọ́ mo rí i lójú wọn pé ó wà lára ohun tó ń mú wọn padà síbẹ̀ ní àárọ̀ tó rẹ̀ wọ́n. Ibùsùn náà máa ń mi ènìyàn gan-an, ẹsẹ̀ sì dùn wọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí mo kà sí àbùkù ni pé ilé ìtọ́jú náà kì í ṣí ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ajagunfẹ̀yìntì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, àbúrò bàbá mi lè rìn láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé inú ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró, oògùn abẹ́ ahọ́n tí wọ́n ń lò sì dín kù.

Mo mọ̀ pé ìtàn ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí tó tó. Nínú ìwádìí MUST-EECP, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1999, aláìsàn 139 ni wọ́n pín sí méjì: apá kan gba ìtẹ̀mọ́ra tó péye, apá kejì sì gba èyí tí agbára rẹ̀ kéré débi pé kò lè ṣe iṣẹ́ kankan. Àwọn tó gba èyí tó péye pẹ́ sí i lórí ẹ̀rọ ìdárayá kí àmì àìtó ẹ̀jẹ̀ tó hàn nínú àyẹ̀wò ọkàn wọn, ìrora àyà wọn sì dín kù, àmọ́ kò sí ìyàtọ̀ tó dájú nínú àpapọ̀ àkókò tí àwọn apá méjèèjì fi ṣe ìdárayá. Ìwádìí yìí kò fi hàn pé EECP ń mú ẹ̀mí gùn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń polówó rẹ̀ pé ó rọ́pò iṣẹ́ abẹ fún gbogbo ènìyàn, tàbí pé ó ń fọ ìdọ̀tí kúrò nínú iṣan, ń ṣi àwọn arúgbó wa lọ́nà, ó sì yẹ kí ẹ sá fún un. Bákan náà ni kò yẹ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ara rẹ̀ wú, ẹni tí ẹnu ọ̀nà òpó náà ń jò gan-an, tàbí ẹni tí apá kò tíì ká ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtọ́jú tí kò ní ọ̀bẹ jẹ́ àjẹkù fún àwọn tí kò rí èyí tó dára gbà. VA fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ná owó sórí ìwádìí COURAGE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007, tí púpọ̀ nínú aláìsàn rẹ̀ sì wá láti àwọn ilé ìwòsàn ajagunfẹ̀yìntì. Nínú aláìsàn 2,287 tí àrùn ọkàn wọn kò tíì di ti pàjáwìrì, fífi irin kún oògùn àti ìyípadà ìgbé ayé kò dín ikú tàbí ìkọlù ọkàn kù ju oògùn àti ìyípadà ìgbé ayé nìkan lọ. Ìwádìí ISCHEMIA, tó jáde ní 2020 pẹ̀lú aláìsàn 5,179, tọ ọ̀nà kan náà. Inú mi dùn pé àwọn ológun wọ̀nyí ló yọ̀ǹda ara wọn kí gbogbo ayé tó mọ èyí. Ti ìkọlù ọkàn tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ yàtọ̀ pátápátá: ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì Amẹ́ríkà, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì rí i pé VA gbọ́ nípa rẹ̀ láàárín wákàtí 72 kí owó ìtọ́jú náà má baà di gbèsè yín.

Ọ̀nà tí ènìyàn fi ń dé ìdí ìtọ́jú yìí ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Òfin MISSION, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìtọ́jú ní ìta ní oṣù kẹfà 2019, fi àyè gba ajagunfẹ̀yìntì láti lọ sọ́dọ̀ dókítà aládàáni bí VA kò bá ní irú ìtọ́jú tó nílò, bí ìrìn ọkọ̀ sọ́dọ̀ dókítà àkànṣe ti VA bá ju ìṣẹ́jú 60 lọ, bí yóò bá dúró ju ọjọ́ 28 lọ, tàbí bí òun àti dókítà rẹ̀ bá fẹnu kò pé ìyẹn ló ṣe ìlera rẹ̀ láǹfààní jù. Òfin tó dára ni. Àmọ́ ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ jáde kí ènìyàn tó lọ, dókítà VA ni yóò sì kọ́kọ́ béèrè fún un. Dókítà tí kò bá mọ EECP kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí náà ajagunfẹ̀yìntì tàbí ọmọ rẹ̀ ló máa ń di ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ilé ìtọ́jú kan tí a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, tí n kò ní dárúkọ, ní kí àbúrò bàbá mi wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìwé kò tíì jáde. Bí a bá gbà, àwa ni owó náà ìbá já lé lórí. Ẹ béèrè bóyá ilé ìtọ́jú wà lára àwọn tí Optum tàbí TriWest, àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá VA ṣètò ìtọ́jú ní ìta, forúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì wo iye ìgbà àti ọjọ́ ìparí tó wà lórí ìwé àṣẹ, nítorí pé wákàtí 35 kò ṣeé gé sí méjì nítorí pé ìwé kú.

Àwọn tí wọ́n jagun ní Vietnam tún ní ẹ̀tọ́ kan tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì lò. Láti 2010 ni VA ti gbà pé àrùn ọkàn tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ń fà lè wá láti inú Agent Orange, oògùn apagi tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fọ́n ní Vietnam, òfin PACT ti 2022 sì fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún un, tí ajagunfẹ̀yìntì kò fi ní láti fi ẹ̀rí hàn pé oògùn yẹn gan-an ló fà á. Ẹni tí VA bá kọ àrùn rẹ̀ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ológun ló fà á kò ní san kọ́bọ̀ fún ìtọ́jú àrùn náà, ó sì lè gba owó ìrìn, sẹ́ǹtì 41.5 fún máìlì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìwọ̀nba díẹ̀. Fún ìrìn tó pọ̀ tó báyìí, owó náà kì í ṣe kékeré, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ béèrè fún un láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan. Àwọn aṣojú DAV àti American Legion, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì, máa ń bá ènìyàn kọ ìwé wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún ìtọ́jú náà, mo sì fún ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ní méjì àbọ̀. Ẹni tí kò bá lè wakọ̀ lójoojúmọ́, kí ó béèrè bóyá ilé ìwòsàn VA tirẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣe ètò ìdárayá ọkàn nínú ilé, nínú èyí tí òṣìṣẹ́ ìlera yóò máa pè é lórí fóònù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà lórí ìrìn, oúnjẹ àti lílo oògùn.